Wọ́n gbé ìrẹsì wá sílé ọ̀fọ̀, wọ́n ní ká buwọ́ lùwé

Èmi ni mo fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní bírò lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹ má baà rò pé ọlọ́gbọ́n kan ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kẹta tí a sin bọ̀dá mi ni. Èèyàn mẹ́ta ló wá láti iléeṣẹ́ tí bọ̀dá mi ti ń ṣiṣẹ́: mánéjà kan, obìnrin kan láti ọ́fíìsì HR, àti dẹ́rẹ́bà tó ru ìrẹsì wọlé. Báàgì méjì ni. Wọ́n bá wa kẹ́dùn dáadáa, obìnrin yẹn tiẹ̀ sunkún. Lẹ́yìn náà ni mánéjà yọ àpòòwé ńlá kan tí ₦500,000 wà nínú rẹ̀, ó sì fi bébà kan tẹ̀ lé e. Ó ní kí ìyàwó wa kàn buwọ́ lù ú, láti fi hàn pé owó ti dé ọwọ́ rẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì kún ojú ìwé kan dẹ́nu. Ìyàwó wa wojú mi. "Ọkọ mi, ṣé kí n buwọ́ lù ú?" Bó ṣe ń pè mí nìyẹn látọjọ́ tó ti wọlé wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ. Mo ya fọ́tò bébà náà sórí fóònù mi, mo ka ìlà méjì àkọ́kọ́, omijé ò jẹ́ kí n lè ka ìyókù. Mo na bírò sí i.

Ìlà ìsàlẹ̀ tí mi ò kà ló sọ pé ẹbí ti gba ẹ̀tọ́ wọn tán pátápátá, pé a ò ní béèrè kọ́bọ̀ mọ́ láé, a ò sì ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀

Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá ni bọ̀dá mi ti ń ṣiṣẹ́, lápá Ìsọlọ̀ níbí l'Ékòó. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n lò níbẹ̀. Irin kan wà tó yẹ kó bo ibi tí ẹ̀rọ ti ń yí, àmọ́ ẹnìkan ti ní kí wọ́n tú u kúrò, torí pé iṣẹ́ máa ń falẹ̀ tó bá wà níbẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, ọwọ́ aṣọ bọ̀dá mi há sẹ́nu ẹ̀rọ náà. Kí ọkọ̀ tó dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́. Ọmọ ọdún 36 ni wọ́n. Ọmọ méjì ni wọ́n fi sílẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, èkejì jẹ́ mẹ́rin.

Mùsùlùmí ni wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, a ti sin òkú. Kò sẹ́ni tó dárúkọ àyẹ̀wò òkú rárá. Ká ní ẹnìkan dárúkọ ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí n wà lára àwọn tó máa bá a jà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di pé ta ló jẹ̀bi, bàbá tó dàgbà jù nínú ẹbí wa ló pa á rẹ́. Wọ́n ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ti ro òwe yẹn síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Òwe àwọn tó jọ ń gbé pọ̀ ni: ọmọ ìyá sí ọmọ ìyá, aládùúgbò sí aládùúgbò. Iléeṣẹ́ tó tú irin kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, kí ni à ń bá ṣọ̀rẹ́ tí kóòtù fẹ́ bà jẹ́? Láti ọjọ́ fìdáù ọjọ́ kẹjọ, ẹnikẹ́ni ò pè wá láti ibẹ̀ mọ́. Òwe mìíràn sì wà tí kò sẹ́ni tó pa lọ́jọ́ yẹn: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Oṣù keje

Ẹ mọ bí owó ṣe ń lọ. Fìdáù ọjọ́ kẹjọ, fìdáù ogójì ọjọ́, owó ilé, owó iléèwé, gbèsè tí bọ̀dá mi fi sílẹ̀. Nígbà tó fi máa pé oṣù méje, iléèwé ti lé ọmọ ọdún mẹ́jọ wálé, ìyàwó wa sì ti ń ta ọ̀gì láàárọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bi mí léèrè jẹ́jẹ́: "Ọkọ mi, ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?"

Mi ò rí ìdáhùn fún un. Ní ọ̀la ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́yà.

Lọ́yà àkọ́kọ́ ní kí n mú ₦400,000 wá kí òun tó ṣí fáìlì. Mo dúpẹ́, mo sì jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ sin ìlú ló wá júwe agbẹjọ́rò obìnrin kan fún mi ní Yábàá, tí ọ́fíìsì rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Kò kọ́kọ́ mẹ́nu ba owó. Ìbéèrè ló ń bi mí. Ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n kú? Ṣé inú ọgbà iléeṣẹ́ ni? Ta ló wà níbẹ̀? Ìwé ẹ̀rí ikú ńkọ́? Kí ni dókítà kọ pé ó pa wọ́n? Ṣé ẹ ní ẹ̀rí pé wọ́n ń gbowó oṣù níbẹ̀? Ṣé ẹ buwọ́ lu ohunkóhun?

Ìtìjú bá mi nígbà tó débi ìbéèrè tó gbẹ̀yìn. Mo ṣí fóònù mi, mo fi fọ́tò bébà yẹn hàn án. Ó kà á tán, ó dá fóònù padà fún mi.

"Ìwé yìí ò lágbára kankan," ló wí. "Òfin fúnra ẹ̀ ló pa á."

Ohun tí òfin sọ

Ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí, torí mi ò mọ ọ̀kankan nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, èmi tí mo lọ yunifásítì.

Òfin kan wà ní Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Employees' Compensation Act, ọdún 2010 ni wọ́n ṣe é. Àpò owó kan wà lábẹ́ òfin yìí tí àjọ NSITF ń bójú tó. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó sínú ẹ̀ lórí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó wọn. Tí òṣìṣẹ́ bá kú sẹ́nu iṣẹ́, inú àpò yìí ni owó gbà-má-bínú ti máa ń jáde fún àwọn tó fi sílẹ̀. Ẹbí kò ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé ẹnìkan jẹ̀bi kí wọ́n tó gbà á.

Tí òkú bá fi opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ohun tí òfin ní kí wọ́n máa san lóṣooṣù ni ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń gbà. Bọ̀dá mi ń gba ₦80,000. Ìdá 90 ẹ̀ jẹ́ ₦72,000. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ pẹ̀lú mi: ₦72,000 lọ́nà méje jẹ́ ₦504,000. Owó tí wọ́n fi di ẹnu wa kò tó ti oṣù méje.

Iléeṣẹ́ náà ti sọ fún wa pé bọ̀dá mi kì í ṣe ojúlówó òṣìṣẹ́, pé "casual" lásán ni. Agbẹjọ́rò ní kí n gbàgbé ìyẹn. Òfin náà kó òṣìṣẹ́ casual, òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ àti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ra. Kódà, àdéhùn tí a fi ẹnu lásán ṣe wà lára ẹ̀.

Bébà tí a buwọ́ lù wá ńkọ́? Òfin yìí kan náà sọ pé òṣìṣẹ́ kò lè bá agbanisíṣẹ́ ṣàdéhùn láti yááfì ẹ̀tọ́ tirẹ̀ tàbí ti àwọn tó gbójú lé e, àdéhùn tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sì dúró. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ̀rù lásán ni bébà yẹn ń fi bà wá. Oṣù méje gbáko la fi bẹ̀rù ohun tí kò lágbára.

Àmọ́ ohun kan wà tó lágbára: àkókò. Ọdún kan péré ni òfin fún ẹbí láti béèrè. Oṣù méje ti lọ. Ọjọ́ méje ni òfin fún agbanisíṣẹ́ láti fi ikú náà tó àjọ náà létí. Nígbà tí agbẹjọ́rò wa wádìí, kò sí ìwé kankan láti ọ̀dọ̀ wọn.

Màámi fárígá

Ibi tó le jù nínú gbogbo ẹ̀, inú ilé wa ni. Nígbà tí Màámi gbọ́ pé a ti rí lọ́yà, wọ́n dìde lórí àga. "Ṣé ẹ fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ṣòwò ni? Ọmọ mi ti lọ. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Ẹnu mi wọhò. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá tó sin ọmọ? Ìyàwó wa ló kúnlẹ̀. Ó ní, "Màámi, àwọn ọmọ yìí náà, ẹ̀jẹ̀ wọn ni. Àwọn ni mo fẹ́ bọ́."

Màámi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sì sọ pé rárá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n pè mí sí yàrá, wọ́n kó ọ̀rá dúdú kan fún mi. Káàdì iṣẹ́ bọ̀dá mi wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú ìwé ọsibítù. Wọ́n ti ń fi pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn látọjọ́ yẹn.

Àwọn tí bọ̀dá mi ń bá ṣiṣẹ́ ń bẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ wọn, mi ò sì bá wọn jà sí i. Ọ̀kan ṣoṣo ló fi fọ́tò ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, bí wọ́n ṣe bá a lóru ọjọ́ yẹn láìsí irin lẹ́nu ẹ̀. Alaati owó oṣù tó wà lórí fóònù bọ̀dá mi ló fi hàn pé iléeṣẹ́ náà ló ń sanwó fún wọn.

Agbẹjọ́rò kọ lẹ́tà. Iléeṣẹ́ dáhùn pé àwọn ò mọ̀ wá rí. Ó kọ òmíràn, ó dárúkọ ilé ẹjọ́ National Industrial Court tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, ó sì fi fọ́tò ẹ̀rọ náà sínú ẹ̀. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n fi rántí wa. A kọ ìwé ìbéèrè wa sí àjọ náà kí ọdún tó pé, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, owó ti wọlé fún ìyàwó wa lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ ti padà sí iléèwé. Ọmọkùnrin tó fi fọ́tò ránṣẹ́ tún pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti dá irin yẹn padà sẹ́nu ẹ̀rọ o." Mo sunkún ju bí mo ṣe sun lọ́jọ́ ìsìnkú.

Kí ẹ̀yin má baà ṣe bíi tèmi

Mi ò kí n ṣe lọ́yà, àmọ́ ẹ gba nǹkan díẹ̀ yìí lọ́wọ́ ẹni tí ojú ẹ̀ ti rí i.

Ẹ má buwọ́ lu ohunkóhun nínú ilé ọ̀fọ̀. Ẹ gba ìrẹsì, ẹ gba ìkẹ́dùn, ẹ ní kí bébà dúró. Ẹni tí bébà ẹ̀ mọ́ kò ní kánjú.

Ẹ ya fọ́tò, ẹ tọ́jú fóònù òkú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu ohun tó wà lórí ẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀.

Tí ikú bá mú ìfura dání, ẹ bèèrè àyẹ̀wò òkú. Mo mọ̀ pé ó le fún àwa Mùsùlùmí, àmọ́ ẹ bi àáfà yín léèrè kí ẹ tó dá a yín lóhùn fúnra yín. L'Ékòó, òfin Coroners' Systems ti ọdún 2007 fún adájọ́ májísíréètì lágbára láti wádìí irú ikú bẹ́ẹ̀. Irú ìwádìí yìí ni wọ́n ṣe lórí ilé àlejò ṣọ́ọ̀ṣì tó wó n'Íkòtún ní 2014, tó pa èèyàn 116.

Ẹ máa ka ọjọ́. Tó bá jẹ́ sẹ́nu iṣẹ́, ọdún kan. Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ni ẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́, oṣù mẹ́ta péré ni Public Officers Protection Act fún yín. Ẹ ò lè máa dúró de fìdáù ogójì ọjọ́ kí ẹ tó béèrè ìmọ̀ràn.

Tí ẹ ò bá lówó lọ́yà, kò tíì parí. Office of the Public Defender tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2000 ń gba ẹjọ́ fún ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹ kàn wọlé, ẹ bèèrè.

Bàbá wa nínú ẹbí ṣì ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Mi ò bá wọn jiyàn. Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí bọ̀dá mi, àmọ́ èèyàn ló tú irin yẹn kúrò.

Bírò yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mi ò tíì fi kọ nǹkan kan látọjọ́ náà.