Ẹni Tí Ọ̀rọ̀ Jẹ́ Iṣẹ́ Rẹ̀: Olùkọ́ Ìbánisọ̀rọ̀ àti Onílàjà ní Yunifásítì

Olùkọ́ ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní yunifásítì ń ṣe ìwádìí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láàárín àwọn ènìyàn. Òun ló ń kọ́ àwọn tí yóò di akọ̀ròyìn, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, apolówó ọjà àti alukoro iléeṣẹ́. Ó tún ń tọpinpin ohun tí ará ìlú gbọ́, ẹnu ta ni wọ́n ti gbọ́ ọ, àti ohun tó fà á tí wọ́n fi gba ẹnì kan gbọ́ tí wọ́n sì kọ etí dídi sí ẹlòmíràn. Àwọn kan nínú wọn fi iṣẹ́ kejì kún un: wọ́n gba ìwé ẹ̀rí onílàjà, wọ́n sì ń jókòó sáàárín àwọn tó ń bára wọn jà. Iṣẹ́ méjèèjì bára wọn tan, àmọ́ ibì kan wà tí wọn kò ti fún ara wọn láyè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, fi ohun tí ìmọ̀ yìí wà fún hàn kedere. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú òjijì bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ ènìyàn, ojú á máa ṣú u, kò ní ríran mọ́, á sì dákú. Ó kéré tán, ènìyàn 17 ló bá a lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ebola tó wọ Nàìjíríà ní 2014 kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni, nítorí náà kíá ni orúkọ ìlú náà gba orí íntánẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí ibi tí àìsàn àràmàǹdà wà. Nínú ìlú fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń lọ lẹ́nu: wọ́n ní òrìṣà Malókun ló ń bínú, torí pé àwọn ọ̀dọ́ kan ti fọ́ ojúbọ rẹ̀. Agbẹnusọ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó jọ oògùn apakoríko. Ìgbà tí àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó jáde ni wọ́n tó mọ̀ pé mẹ́tánọ́ọ̀lù, kẹ́míkà olóró kan, ni, nínú ògógóró tí àwọn olóògbé mu.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló dé etí ìlú kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó jẹ́ òótọ́ ló dé gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ Malókun gba ẹnu ẹni tí olùgbọ́ mọ̀ wá, ó wá ní èdè Ìkálẹ̀, ó sọ ohun tó fa ikú, ó sì fi hàn pé ètùtù wà tí a lè ṣe sí i. Ọ̀rọ̀ apakoríko gba orí Twitter wá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ ìbánisọ̀rọ̀ kì í fi ìgbàgbọ́ ará ìlú ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó máa béèrè ni pé, nígbà tó kù díẹ̀ kí ikú kan ẹni kejìdínlógún, ta ló yẹ kó gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà lọ, pé kí ẹnikẹ́ni má mu ògógóró? Ṣé dókítà ìjọba ni? Ṣé alágogo ọba ni? Ṣé ìyá tó ń ta ọtí náà fúnra rẹ̀ ni, ẹni tí àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀ dáadáa? Ìdáhùn tó yè kooro sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń gba ẹ̀mí là, ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí kò fi yẹ kó jẹ́ ti inú kíláàsì nìkan.

Frank Ugboajah, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó, ti ronú jinlẹ̀ lórí èyí ní ọdún 1980 sí òkè. Ó pe gbogbo ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ ìbílẹ̀, alágogo, ọjà, orin, ìpàdé ẹgbẹ́ọgbà, ní oramedia, ó sì ní kí á máa ka wọ́n sí ilé iṣẹ́ ìròyìn gidi. Ẹni tó bá dúró láàárọ̀ ọjọ́ ọjà ní Òkìtìpupa yóò gbà fún un. Kí àwọn obìnrin tó tà púpurù wọn tán, ìròyìn abúlé mẹ́wàá ti dé ìdí àtẹ.

Kò tíì pẹ́ tí ẹ̀kọ́ yìí wọ yunifásítì ilẹ̀ wa. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta jáde ní 1859, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, síbẹ̀ ẹnu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn ti ń kọ́ṣẹ́. Ní 1961, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka dá Jackson College sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ rántí Jackson tó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Lagos Weekly Record. Yunifásítì Èkó tẹ̀ lé e ṣáájú ọdún 1970. Ìbàdàn ní ẹ̀ka Communication and Language Arts. Àwọn olùkọ́ ìgbà náà kò jìnnà sí ilé ìròyìn rárá. Alfred Opubor jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Èkó, òun náà ló sì kọ́kọ́ ṣe alága ìgbìmọ̀ ilé iṣẹ́ ìròyìn NAN tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976. Olatunji Dare kúrò ní Èkó lọ sí ìwé ìròyìn The Guardian, lẹ́yìn náà ó tún padà sídìí ẹ̀kọ́, ní Yunifásítì Bradley ní Amẹ́ríkà. Irú lílọ-bíbọ̀ bẹ́ẹ̀ ti dín kù báyìí, àdánù ńlá sì ni fún kíláàsì.

Yunifásítì tó wà ní Òkìtìpupa, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Olúṣẹ́gun Àgágù, gómìnà tẹ́lẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ìjú-Odò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀ ní 2008. Nítorí náà, ọ̀nà Ọ̀wọ̀, Ìbàdàn tàbí Èkó ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkálẹ̀ tó fẹ́ ka Mass Comm ti ń gbà. Àpèjúwe ẹ̀kọ́ náà ti yí padà: ní nǹkan bí ọdún 2019, NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, pín in sí méje, lára wọn iṣẹ́ ìròyìn, ìpolówó, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, fíìmù, àti ìbánisọ̀rọ̀ fún ìdàgbàsókè.

Àtẹ̀gùn méje ló wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, láti Graduate Assistant títí dé ọ̀jọ̀gbọ́n. Kì í sábà dín ní ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó gbé ènìyàn láti ọ̀kan sí èkejì. Oyè ọ̀mọ̀wé ni ẹnu ọ̀nà sí àwọn àtẹ̀gùn òkè, ìwé ìwádìí tí a tẹ̀ jáde nínú jọ́nà ni owó ibodè. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ nínú ọdún ẹ̀kọ́. Ohun tó dunni jù ni pé jọ́nà tó ń gbé olùkọ́ ga kì í dé ọwọ́ àwọn tó dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Ìyá tó jókòó fún un ní wákàtí kan ní Òde-Ayé kò ní rí ojú ìwé náà láé, èdè tí wọ́n sì fi kọ ọ́ kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀ka ìlàjà gba ọ̀nà mìíràn wá. Ní Ìkálẹ̀, ààfin ni aáwọ̀ ti kọ́kọ́ ń dé: lọ́dọ̀ Abodì ní Ìkòyà, Jẹ́gun ní Ìdèpé, Rẹ́bùjà ti Òṣóòrò. Ìbàdàn ni àwọn onímọ̀ ti kọ irú ìlàjà ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Ní 1995, Isaac Olawale Albert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé kan jáde lórí bí àwọn ará Ìbàdàn ṣe ń parí ìjà láì dé kóòtù. Albert di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ àlàáfíà ní yunifásítì ìlú náà. Ẹgbẹ́ àwọn onílàjà, ICMC, ti wà láti 1999. Ní 2002, Èkó ṣí kóòtù onílẹ̀kùn púpọ̀, níbi tí a ti lè darí olùpẹ̀jọ́ sí yàrá ìlàjà dípò iwájú adájọ́. Òfin ìlàjà ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 2023.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín onílàjà àti ọba ni pé ọba lè dájọ́, onílàjà kò gbọdọ̀ dá a. Ká ní tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń jà lórí oko ọ̀pẹ. Ẹ̀gbọ́n ní àbúrò òun hú pèrègún tí bàbá wọn gbìn sí ààlà. Àbúrò ní iná oko ló jó o. Onílàjà á jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀ tán, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, á sì tún un sọ fún un: “Ṣé ohun tí ẹ wí nìyí, bọ̀dá?” Lẹ́yìn náà á pe ọ̀kọ̀ọ̀kan sí kọ̀rọ̀. Kọ̀rọ̀ yìí ni òótọ́ ti máa ń jáde. Ó lè jẹ́ pé pèrègún kọ́ ló ń bí ẹ̀gbọ́n nínú. Ọjọ́ ìsìnkú ìyá wọn ni, tí àbúrò kò pè é kó tó ná owó. Ẹni tó ti fi ogún ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn kì í pẹ́ gbọ́ èyí.

Ibí gan-an ni iṣẹ́ méjèèjì ti takora. Ètò Ṣó Dáa Bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n BCOS ní Ìbàdàn máa ń parí ìjà lójú gbogbo ayé, ó sì wúlò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n àṣírí ni ti onílàjà. Bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, òfin 2023 fún ìwé náà lágbára, kóòtù sì lè mú un ṣẹ. Àkọsílẹ̀ tí onílàjà ṣe ní kọ̀rọ̀ kò sí lára rẹ̀. Olùkọ́ tí wọ́n ń fi ìwé ìwádìí ṣe òṣùwọ̀n ìgbéga fún yóò mú àkọsílẹ̀ náà, èyí tí ì bá di orí kan nínú ìwé rẹ̀ tó dára jù, yóò sì fà á ya.