Tákàdá Kíká: Ẹ̀kọ́ Ìbẹ̀rẹ̀ nínú Iṣẹ́ Ọnà Origami

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni iṣẹ́ ọnà tákàdá kíká. Àwọn ará Jàpáànì ni wọ́n sọ ọ́ di olókìkí lábẹ́ orúkọ náà origami: ori ni kíká, kami sì ni tákàdá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ka iṣẹ́ yìí sí eré ọmọdé lásán. Èrò tiwa ni pé ẹ̀kọ́ gidi ni, ó ní òfin, ó sì ní àmì ìkọsílẹ̀ tirẹ̀.

Ibi tí tákàdá bá ti ṣẹ́ po ni a ó máa pè ní ìṣẹ́po. Irú méjì ni ó wà. Bí a bá ká etí tákàdá wá sí iwájú, tí ojú ibi tí ó ti ṣẹ́ rì wọnú, ìṣẹ́po àfonífojì nìyẹn. Bí a bá ká a sẹ́yìn, tí ojú ibẹ̀ yọ sí wa, ìṣẹ́po òkè ni. Orúkọ kan náà ni àwọn ará Jàpáànì fi ń pè wọ́n: tani ni àfonífojì, yama ni òkè.

Ẹ jẹ́ kí a fi orí ajá ṣe àpẹẹrẹ. Tákàdá onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba ni a nílò. Bí ó bá jẹ́ tákàdá ìkọ̀wé ni ó wà nílẹ̀, kí a ká ẹ̀gbẹ́ kúkúrú rẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ gígùn, kí a sì gé èyí tí ó ṣẹ́kù dànù. Kí a tẹ́ ẹ kí igun kan kọjú sí wa. Èkíní, kí a ká igun òkè wá sísàlẹ̀ títí yóò fi bo igun tí ó kọjú sí wa. Ó ti di onígun mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ sì wà lókè. Èkejì, kí a ká igun ọ̀tún àti ti òsì wá sísàlẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀: etí ajá nìyẹn. Ẹ̀kẹta, kí a ká ṣóńṣó ìsàlẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀: àgbọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Kí a wá ya ojú àti imú sí i. Bí a bá dá onígun mẹ́ta náà padà kí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, tí a ká ṣóńṣó náà wálẹ̀ díẹ̀, tí a ká igun méjèèjì sókè, tí a sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí wa, ológbò ni yóò dà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń kùnà. Bí igun kò bá bo igun régérégé ní ìṣẹ́po àkọ́kọ́, etí kan yóò tóbi ju èkejì lọ, àwọn ìṣẹ́po tí ó tẹ̀ lé e yóò sì máa fi àṣìṣe náà hàn. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Nítorí náà, kí a ṣe é lórí tábìlì, kí a to igun pọ̀ ná, kí a tó fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Onígun mẹ́ta tí a rí yìí ní igun 90, 45 àti 45 dígírì. Ọmọdé tí ó ká ajá ti fọwọ́ kan ìmọ̀ ìṣirò.

Òfin tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ tún wà. Ẹ ká tákàdá onígun mẹ́rin sí méjì ní òró, kí ẹ tún ká a sí méjì ní ìbú, kí ẹ wá ṣí i. Ìlà mẹ́rin ni yóò pàdé ní àárín: mẹ́ta jẹ́ irú kan, ọ̀kan jẹ́ irú kejì. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ méjì. Níbikíbi tí ìṣẹ́po bá ti pàdé láàárín tákàdá tí a ká tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìyàtọ̀ iye òkè àti àfonífojì kì í ju méjì, kì í sì í dín. Orúkọ Jun Maekawa, ará Jàpáànì, ni a fi ń pe òfin yìí.

Báwo wá ni ìmọ̀ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò gbọ́ èdè Jàpáànì? Láyé àtijọ́, ọmọ a máa wo ọwọ́ àgbà. Wọ́n tẹ ìwé Senbazuru Orikata ní Kyoto ní 1797, tí ó dá lórí kíká ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní tsuru, ṣùgbọ́n kò tíì sí àmì àjùmọ̀lò. Ohun tí àgbà kan mọ̀ tí kò fi kọ́ ẹlòmíràn lè bá a wọlẹ̀. Akira Yoshizawa (1911–2005), tí ó ti fi tákàdá kíká kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní jọ́mẹ́tírì, ni ó wá ojútùú. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1954, Atarashii Origami Geijutsu, ó fi oríṣi ìlà gígé dúró fún ìṣẹ́po, ó sì fi ọfà tọ́ka sí ibi tí tákàdá ń lọ. Samuel Randlett ní Amẹ́ríkà àti Robert Harbin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́wọ́ gba àmì náà, wọ́n sì fi kún un ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ẹni tí ó bá mọ̀ wọ́n lè tẹ̀ lé àwòrán inú ìwé tí kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Ní àkótán, iṣẹ́ yìí kò béèrè ju tákàdá àlòkù àti sùúrù lọ. Kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ajá àti ológbò, kí ó tó dé orí ọkọ̀ ojú omi, kí tsuru sì kẹ́yìn. Kí ó fi èdè tí ọmọ ń sọ nílé kọ́ ọ pẹ̀lú, nítorí ọmọ náà ti mọ òkè, ó sì ti mọ àfonífojì, kí ó tó mú tákàdá lọ́wọ́.