Ìpín Èròjà Tí Ó So Kọ́ra Nínú Àwòṣe Kọ̀ǹpútà

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe lè mọ ipa tí ìka kọ̀ọ̀kan kó? Irú ìbéèrè yìí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń bèèrè nípa àwòṣe kọ̀ǹpútà: nínú àwọn èròjà tí a kó sí i, èwo ni ó ń yí èsì padà jù?

Ọ̀nà tí Ilya Sobol' là sílẹ̀ ń pín ìwọ̀n ìyapa èsì láàrin àwọn èròjà. Bí wọn kò bá gbára lé ara wọn, àpapọ̀ ìpín tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá ní kì í ju 1 lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá so kọ́ra, bí òjò àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́, ìṣirò lè dàrú.

Ẹ jẹ́ kí á mú èròjà méjì tí ó tẹ̀lé ìlànà Gauss, tí ìyapa ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1, tí ìsokọ́ra wọn jẹ́ 0.5, tí èsì sì jẹ́ àròpọ̀ wọn. Ìyapa èsì yóò jẹ́ 3. Èyíkéyìí tí a bá kọ́kọ́ mọ̀ yóò ṣàlàyé ìpín 0.75 nínú rẹ̀. Bí a bá ro ìpín méjèèjì pọ̀, yóò di 1.5, èyí tí ó ju odindi lọ. Síbẹ̀, èyí tí a bá mọ̀ kẹ́yìn, 0.25 péré ni yóò fi kún un.

Ní 2014, Art Owen mú ìlànà tí Lloyd Shapley gbé kalẹ̀ ní 1953 fún pípín èrè láàrin alájọṣe wọ inú iṣẹ́ yìí. Agbedeméjì 0.75 àti 0.25 ni 0.5: ìpín dọ́gba, àpapọ̀ sì pé 1.

Ẹni tí kò bá ka ìsokọ́ra sí lè náwó wọn ohun tí èròjà mìíràn ti fi hàn tẹ́lẹ̀.