Ọdún 22 ni Perutz fi wá àṣírí inú ẹ̀jẹ̀: Ohun tí ẹ́síréè tú síta nípa fọníkúfọládìde

Ẹni tó bá bímọ SS nìkan ló mọ ohun tójú abiyamọ ń rí lóru. Eegun ọmọ á máa ro ó, á máa ké, bàbá á máa wá mọ́tò tó máa gbé wọn dé ọsibítù. Ohun tín-ín-tín kan tójú lásán ò lè rí ló ń fa gbogbo wàhálà ọ̀hún, ẹ́síréè ló sì jẹ́ kí aráyé mọ ibi tó jókòó sí.

Kì í ṣe ẹ́síréè tí wọ́n fi ń wo àyà o. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí ohun tí wọ́n fẹ́ẹ́ yẹ̀ wò dì bíi hóró iyọ̀, kí gbogbo inú ẹ̀ tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Tí ẹ́síréè bá kọ lù ú, á fọ́n ká, á fi àmì tótòtó sílẹ̀ lórí fíìmù. Àmì yẹn ni wọ́n máa fi ṣírò bí nǹkan náà ṣe rí.

Max Perutz, ọmọ Austria tó lọ sí Cambridge lọ́dún 1936, ló dáwọ́ lé himoglóbìn, ìyẹn ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé atẹ́gùn kiri ara. Ọdún 1937 ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tógun dé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tì í mọ́lé bí ọmọ ilẹ̀ ọ̀tá lọ́dún 1940, wọ́n gbé e lọ sí Kánádà. Ó padà dé, ló bá tún kó tì í. Lọ́dún 1953, ó dọ́gbọ́n lẹ mẹ́kúrì mọ́ ọn, àṣé kọ́kọ́rọ́ tó ń wá nìyẹn. Nígbà tó máa di 1959, àwòrán jáde. Òun àti John Kendrew ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1962.

Bí okùn ìlẹ̀kẹ̀ 4 tó lọ́ mọ́ra ni himoglóbìn rí, ẹyọ orí wọn jẹ́ 574. Lọ́dún 1956, Vernon Ingram, tóun náà wà ní Cambridge, rí i pé ẹyọ kan ṣoṣo ló yí padà nínú ti SS. Ẹyọ kẹfà ni, lórí méjì nínú okùn mẹ́rin náà. Ìta ló wà, bíi gọ́ọ̀mù ló sì ń ṣe. Tí atẹ́gùn bá ti kúrò lára wọn, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra bí ọ̀pá gígùn, sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀ bíi dòjé, á dí ojú iṣan. Ìrora dé nìyẹn.

Irú àwòrán yìí ni wọ́n wò ṣe òògùn voxelotor tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lóṣù Kọkànlá, ọdún 2019. Inú èèyàn dùn. Àmọ́ lóṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024, Pfizer kó o kúrò lọ́jà káàkiri ayé, wọ́n ní àǹfààní ẹ̀ ò ju ewu ẹ̀ lọ mọ́, wọ́n sì mẹ́nu ba àwọn tó kú. Ká rójú ọ̀tá lọ́tọ̀, ká ṣẹ́gun ẹ̀ lọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n wọn ò tíì káwọ́ lérí. Lọ́dún 2024 yìí kan náà, Demis Hassabis àti John Jumper wà lára àwọn tó gba Nobel, nítorí kọ̀ǹpútà tó ń sọ bí irú nǹkan báyìí ṣe máa rí láìpẹ́ rárá. Ara iṣẹ́ àwọn bíi Perutz ni kọ̀ǹpútà ọ̀hún ti kọ́gbọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fẹ́ra yín, ẹ lọ yẹ jínótáìpù wò kẹ́ ẹ tó dájọ́ ìgbéyàwó. Ìfẹ́ ò lè bá ọmọ jẹ̀rora.