Wáyà inú áńpílífáyà onítúùbù: Ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó san owó

Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé asọ̀rọ̀mágbèsì dé Èkó ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1935, wáyà ni wọ́n nà wọ ilé àwọn tó san owó rẹ̀ kí àpótí náà tó lè fọhùn. Nígbà tó yá ni rédíò onítúùbù gbòde, èyí tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná kí ó tó sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà kò ní gbàgbé àwọn túùbù onígíláàsì tó máa ń pọ́n bí ẹyín iná lẹ́yìn àpótí náà. Túùbù yìí ló ń gbé ohùn ga kí tìràǹsísítọ̀, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1947, tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, túùbù kò tíì kú. Àwọn onígìtá àti àwọn tó fẹ́ràn rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ ṣì ń wá a kiri, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan sì ń to áńpílífáyà onítúùbù fúnra wọn. Owó túùbù àti tìráńsífọ́mà ni ọ̀pọ̀ ń rò. Wáyà tí wọn yóò fi so wọ́n pọ̀, tí owó rẹ̀ kéré jù, ló sì lè gba ẹ̀mí ènìyàn.

Ẹni tó ń gbé Command, lọ́nà Ìpájà ní Alímọ̀ṣọ́, níbi tí iléèwé àwọn ológun ti fún àdúgbò lórúkọ, lè wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ tàbí Computer Village ní Ìkẹjà láti ra irú wáyà bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn kò ní lọ jìnnà. Yóò tú kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́, yóò sì gé wáyà inú rẹ̀ lò. Ibẹ̀ gan-an ló ti yẹ kí a la ojú.

Ohun tí wọ́n kọ sára wáyà

Iná tó ń wọlé láti òpó jẹ́ nǹkan bí 230 fólítì. Tìráńsífọ́mà inú áńpílífáyà onítúùbù ń gbé e ga sí i, títí yóò fi di 300 tàbí 400 fólítì, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Rọ́bà tó bo wáyà ni kò jẹ́ kí iná yìí fò mọ́ irin àpótí, kí ó sì mú ẹni tó bá fọwọ́ kàn án.

Ọ̀pọ̀ wáyà tó ń gbé iná nínú kọ̀ǹpútà ni wọ́n tẹ 1007 sí lára, pẹ̀lú 300V àti 80°C. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé rọ́bà náà kò gbọ́dọ̀ rí iná tó ju 300 fólítì, tàbí ooru tó ju ìwọ̀n 80. Bí ẹnikẹ́ni bá ki í bọ ibi tí 400 fólítì ń gbà, ó ń ṣeré ikú ni. Èyí tó bá iṣẹ́ náà mu ni èyí tí wọ́n kọ 600V sí, irú bíi 1015, tó ń fara da ooru 105°C. Wáyà tẹlifóònù àti ti íntánẹ́ẹ̀tì kò yẹ níbẹ̀ rárá.

Nọ́ńbà AWG ń sọ bí wáyà ṣe nípọn tó. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń tóbi sí i ni wáyà ń tín-ín-rín sí i. Túùbù EL34 kan ń jẹ ámpíà kan àbọ̀ láti fi gbóná. Mẹ́rin ń jẹ ámpíà mẹ́fà. Wáyà 18 AWG ló yẹ fún iṣẹ́ yẹn. 22 AWG tó fún ọ̀nà tí ohùn ń gbà.

Ẹni tó lè ṣe ayédèrú wáyà kúkú lè tẹ nọ́ńbà ayédèrú sí i lára. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀bẹ họ irin inú rẹ̀. Bàbà gidi yóò pupa dé inú. Bí funfun bá yọ, alumíníọ́mù ni wọ́n fi bàbà bò, kò sì ní gbé iná tó bàbà gidi. Níbi tí wọ́n ti họ ọ́ yẹn, lẹ́ẹ̀dì kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn.

Ṣé wáyà olówó ńlá ló ń mú ohùn dùn?

Àwọn kan a máa sọ pé wáyà onífàdákà ló ń mú orin dùn. Ṣùgbọ́n mítà kan wáyà bàbà 22 AWG kì í dí iná lọ́nà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá óòmù. Kí ni fàdákà fẹ́ fi kún un? Bí a ṣe to wáyà ló ṣe pàtàkì jù. Wáyà méjì tó ń mú túùbù gbóná, ẹ lọ́ wọn mọ́ra bí okùn, kí ẹ sì mú wọn jìnnà sí wáyà tó ń gbé ohùn wọlé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, áńpílífáyà yóò máa kùn bí oyin.

Rédíò àtijọ́ tó wà ní pálọ̀

Ẹni tó bá ní rédíò onítúùbù tó ti pẹ́, kó má ṣe kàn kì í bọ iná. Rọ́bà wáyà àtijọ́ a máa gbẹ, a sì máa fọ́ bí èèpo ẹ̀pà, tí irin inú rẹ̀ yóò wà ní ìhòòhò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò lára iná, nítorí kàpásítọ̀ inú rẹ̀ lè tọ́jú iná pamọ́.

Bí ẹ bá sì gbé e fún oníṣẹ́, ẹ ní kí ó fi wáyà tó fẹ́ lò hàn yín kí ó tó pa àpótí náà dé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.