Ṣé O Mọ̀? Ooru Ń Tẹ̀wé, Kóòtù Ń Ka Ìpele

Ṣé o mọ̀ pé kò sí tàdáwà nínú ẹ̀rọ P.O.S. tó ń tẹ rìsíìtì fún ọ? Ọ̀dà tí wọ́n fi pa ojú ìwé náà ló ń dúdú bí ooru bá ti kàn án. Bí o bá ń jiyàn, fi èékánná ha rìsíìtì kan kíákíá, wàá rí ìlà dúdú níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé ZINK, tó ti inú ilé-iṣẹ́ Polaroid jáde, ń gbé fọ́tò aláwọ̀ jáde láìsí tàdáwà? Ìpele mẹ́ta ló wà níbẹ̀: yẹ́lò lókè, májẹ́ńtà láàárín, sáyàn nísàlẹ̀. Wọn kò ní àwọ̀ kankan títí ooru yóò fi yọ́ wọn. Ooru janjan tí kò pẹ́ ló ń jí tòkè. Ooru tó rọ̀ tó sì pẹ́ díẹ̀ ló ń wọlé lọ bá tìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti sun iṣu rí mọ̀ ọ́n: iná ńlá a máa jó èèpo, iná jẹ́jẹ́ ló ń dé inú.

Ṣé o mọ̀ pé bí a ṣe to ìpele léra lè di ẹjọ́? Àwo ìtẹ̀wé Presstek ti Amẹ́ríkà ní ìpele òkè tí kì í gba tàdáwà, bí ẹ̀kọ láfún kì í ti í gba aró lára àdìrẹ. Lésà á sun ìpele abẹ́ rẹ̀, tòkè á tú, ibẹ̀ á sì máa gba tàdáwà. Nígbà tí VIM Technologies ti Ísírẹ́lì ń ta àwo tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Presstek fi ìwé pátẹ́ǹtì pè é lẹ́jọ́ níwájú àjọ ìṣòwò òkèèrè ní Washington ní 2008. Ní 2009, àjọ náà ní kí wọ́n má kó àwo ọ̀hún wọlé mọ́. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán ka àwọn ìpele yẹn o!

Èyí tó wá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ti fíìmù ojú-ẹsẹ̀, èyí tí fọ́tò rẹ̀ ń jáde lójú ẹsẹ̀. Kẹ́míkà ló ń ya àwòrán tirẹ̀, kì í ṣe ooru, ṣùgbọ́n ìpele náà ni ìjà. Ṣé o mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ Kodak ti bá Polaroid ṣe fíìmù rí, kó tó di abánidíje rẹ̀? Ní oṣù kẹrin 1976 tí Kodak gbé kámẹ́rà tirẹ̀ jáde, oṣù náà kò tíì parí tí Polaroid fi gbé e lọ sí kóòtù. Bílíọ̀nù 12 dọ́là ni Polaroid ń béèrè. Mílíọ̀nù 925 ni Kodak san níkẹyìn, ní 1991.

Ṣáájú ìyẹn, kóòtù ti pàṣẹ pé láti ọjọ́ 9 oṣù kìíní 1986, Kodak kò gbọdọ̀ ṣe fíìmù náà mọ́. Kámẹ́rà ti wà lọ́wọ́ àìmọye ènìyàn, fíìmù kò sí. Kodak ní kí wọ́n dá kámẹ́rà náà padà, kí wọ́n sì yan ọ̀kan: kámẹ́rà oríṣi mìíràn, kúpọ́ọ̀nù, tàbí ìpín kan ṣoṣo nínú ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn oníkámẹ́rà náà bá gba kóòtù lọ.