Kóńgò Tí A Lù Nídìí

Ẹ̀yin Mùsùlùmí ará mi, ẹ̀yin ọlọ́jà Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, ẹ kò ṣàì mọ kóńgò tí a lù nídìí. Lójú ẹni tí ń rajà, kóńgò gidi ni, ṣùgbọ́n gàrí inú rẹ̀ kò pé. Ọlọ́hun bá àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù wí nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé. Àmọ́ kì í ṣe gàrí nìkan ni ọmọ aráyé ń wọ̀n. Wọ́n ń wọn ènìyàn pẹ̀lú.

Ẹ wo àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Jack Leslie, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tí baba rẹ̀ wá láti Jàmáíkà, ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Plymouth Argyle. Ní 1925, ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un pé wọ́n ti yàn án láti gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ tí orúkọ ẹlòmíràn fi jáde. Nígbà tó di àgbà, Leslie sọ pé àwọ̀ ara òun ni wọ́n rí. Góòlù 137 ló gbá wọlé fún Plymouth, síbẹ̀ kò gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Ó kú ní 1988. Ó di 2023 kí àwọn aláṣẹ tó fi fìlà ẹ̀yẹ rẹ̀ lé ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́.

Ti àwọn akànṣẹ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òfin ni. Títí di 1948, ẹni tí baba àti ìyá rẹ̀ kì í bá ṣe aláwọ̀ funfun kò gbọdọ̀ du ìgbànú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún tí òfin náà kásẹ̀ nílẹ̀ gan-an ni Dick Turpin, tí baba rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, gba ìgbànú náà. Ṣé ọdún yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹ̀ṣẹ́ í kàn ni? Rárá o! Kóńgò ni wọ́n pààrọ̀.

Ìbàdàn wa náà rí ẹ̀rí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1963, ní pápá Liberty, Dick Tiger, ọmọ Ìbò láti Amaigbo, na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà, ó sì di ìgbànú àgbáyé rẹ̀ mú. Ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀, kì í ṣe ilé tí wọ́n ti bí i.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, yan Bìláálì ará Hábáṣà, ẹni tí wọ́n ti fi ṣẹrú rí, láti máa pe ìrun, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ọlọ́lá Kùráíṣì wà níbẹ̀.

Kí a tó bú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kí a yẹ kóńgò tiwa wò. Bí ọmọ kan bá wá kọ́ṣẹ́ ní ìsọ̀ wa ní Bẹ́yẹrúnkà, kí ni a kọ́kọ́ ń bi í? Ṣé ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni, àbí ilé baba rẹ̀? Bí a bá lé ọmọ Gàḿbàrí tó já fáfá nítorí èdè ẹnu rẹ̀, tí a gba ọ̀lẹ nítorí ó jẹ́ ọmọ agboolé wa, àwa náà ti lu kóńgò nídìí. Ẹ gbé iṣẹ́ lé ọmọ náà lọ́wọ́ fún ọjọ́ méje, kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ wo òtítọ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí òṣùwọ̀n wa pé. Àmín.